Táyà Tó Fẹ̀ Ju Ihò Rẹ̀ Lọ

Òórùn ọ̀dà tó ń jóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún yẹn. Iná wẹ́dà tó ń jórin ló ń jó ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara mọ́tò ọkọ mi, èmi sì jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà náà ní Ìkirè níbí, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń kọ́lé fún.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, obìnrin kan, ọkùnrin kan, àti mọ́tò kan ṣoṣo tó fi ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Àpòmù. Nígbà tí àwọn àlùfáà fẹ́ pín ogún, mo yọ̀ǹda tèmi. Wọ́n ní ìpín méjì ni ti ọkùnrin, ìpín kan ni ti obìnrin. Ọmọ mi obìnrin, òun ló dàgbà jù, ní a ò lè fi ayùn la mọ́tò sí méjì, kí àbúrò òun máa gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kó máa bá òun kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti oko Ìkirè-Ilé lọ sí Àpòmù ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo ní kò sí ohun tó tún lè ya àwọn ọmọ méjì yìí láyé. Ẹ ò rí ẹnu mi!

Ṣé ẹ mọ ọ̀nà Ìkirè-Ilé nígbà òjò? Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á gbé táyà mì. Táyà mọ́tò wa sì tín-ín-rín, àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ò jẹ́ kí ọmọ mi ọkùnrin sinmi. Bó bá ti yọ báyìí, wọ́n á ní, “Ẹ yà fún un o, ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke ń bọ̀!” Òmíràn á ní, “Ọ̀gá, abẹ̀g, ẹ fún mọ́tò yìí lóúnjẹ jẹ, itan ẹ̀ ti gbẹ!” Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dun ọmọ mi dé egungun. Nígbà tó yá, ó kó àwọn táyà wa fún ọkùnrin kan, ó fi gba àlòkù mẹ́rin tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tòun ti irin àárín wọn. Ó ní àwọn yìí ò ní rì sínú ẹrẹ̀, ẹrù ẹ̀gbọ́n òun ò sì ní máa pẹ́ dọ́jà mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sín gáréèjì náà wà lára ohun tó mú un ṣe é.

Táyà ò gba inú ihò rẹ̀. Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ó gé etí irin tó yí ihò táyà ká, ó fi òòlù lù ú síta, ó jó irin mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tó ṣe é dé ibi tí táyà ti ń yí fàlàlà, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà.

“Baba, ẹ jẹ́ ká kó àpò iyanrìn sínú ẹ̀. Mọ́tò tí ò tíì rẹrù kò tíì jókòó. Ẹ jẹ́ n rí bó ṣe máa jókòó kí n tó kùn ún.”

Bàbá Àgbà yarí. Nílé wa, wọn kì í di ẹrù sínú mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kí àwọn àlùfáà tó ṣàdúà sí i. Ẹrù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹrù alálùbáríkà.

“Iyanrìn?” ni baba wí. “Iyanrìn tí a fi bo àbúrò mi lójú ni wàá kọ́kọ́ gbé sínú mọ́tò ẹ̀? Kùn ún, jàre.”

Wẹ́dà wo ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ mi wolẹ̀. Àgbà ti sọ̀rọ̀. Wẹ́dà kùn ún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àlùfáà ṣàdúà, a pín màsà fún ará àdúgbò jẹ. Wọ́n gbé mi síwájú mọ́tò, a yí ìlú ká. Àwọn ọmọ gáréèjì ń súfèé, èmi náà ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà. Ìyẹn ni ayọ̀ tí mo jẹ mọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ ọjà, a di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, mọ́tò jókòó lé táyà lórí. Gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀ ni irin ń ha á. Wẹ́dà tún gé e sí i, ó ní ibi tóun lè gé dé nìyẹn, kí wọ́n má di ẹrù kún un mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n kì í dúró de èèyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lóko, níṣojú mi, ọmọ mi ọkùnrin ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dín in kù.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé, “Ká dín kí ni kù? Ìpín tèmi tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ, ṣé mo dín in kù?”

Àbúrò ṣíná sí mọ́tò, wọ́n lọ.

Wọn ò dé ìdajì ọ̀nà tí táyà tí irin ti jẹ lára fi bẹ́. Mọ́tò dojú dé. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti fa ọmọ mi obìnrin yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Àbúrò rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó ń to eegun ní Orílẹ̀-Òwu. Ẹsẹ̀ náà jinná, kò gún. Nínú ìrora lórí ẹní níbẹ̀ ló ti sọ fún un pé, “Má jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ mọ́.” Ẹyin lohùn. Ọmọkùnrin náà gbà á bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ padà wálé wá mú aṣọ. Ó ń pè mí láti Kánò fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Bàbá Àgbà ti kú. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé ẹ̀bi ta ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Alẹ́ ti lẹ́ mọ́ èmi lórí, mi ò rí i kí àlùbáríkà tí Bàbá Àgbà wí ṣẹ. Mo ti tẹríba bẹ àwọn awakọ̀, gbogbo ẹni tó ń lọ sókè Ọya, kí wọ́n bá mi wò ó. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ní Iléyá tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tiro wọ ilé ìdáná, ó yọ itan àgbò kan sọ́tọ̀, ó gbé e lé orí ààrò. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní ti àbúrò òun ni, pé ọdọọdún lòun ń yọ ọ́.

Mo ní, “Ṣé o ti dárí jì í ni?”

“Ìyá mi, kí ẹsẹ̀ yìí tó jinná ni mo ti dárí jì í. Ta ni kí n wá wí i fún?”

Mo na ọwọ́ sí ẹran náà, mo yí i padà kí iná má baà jó o.