Ike Méjì, Òwúrọ̀ Kan

Kí obìnrin yìí tó bí Katiso, tí gbogbo abúlé Ha Ramokoatsi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní 'Makatiso, ìyẹn Ìyá Katiso, ìyá tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin àgbàdo mọ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbìn. Tó bá di ọjọ́ kẹta ni á padà lọ hú u, láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Wọ́n nà án nítorí ẹ̀ títí, kò jáwọ́. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ nǹkan ni ojú rẹ̀ máa ń wá.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Òun ló ń wo ọmọ tó bá ń rù. Òun ló ń ṣọ́ àwọn tó ń lo oògùn kí wọ́n má bàa gbàgbé. Tí ẹnì kan bá sì wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, òun ló ń fún un ní ike kékeré oníderí kan, kí onítọ̀hún wúkọ́ sí i ní òwúrọ̀ kó tó jẹun. 'Makatiso á gbé ike náà gun òkè fún wákàtí méjì àtààbọ̀, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí títì. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí wọ́n yàn fún abúlé wọn. Á gbé e sílẹ̀, á yí padà. Alùpùpù ìjọba ló ń wá kó àwọn ike náà lọ sí ọsibítù àgbègbè, níbi tí ẹ̀rọ tó ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ wà.

Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí ìgbà òtútù wọlé lọ́dọ̀ wọn, tí yìnyín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí koríko láràárọ̀, ikọ́ mú Ntate Phafoli; Ntate ni 'bàbá' lédè wọn. Ọdún méjìlélógún ni bàbá náà fi wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀ ní Welkom, ní òdìkejì ẹnubodè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Yàrá kan ṣoṣo ló gbóná nínú ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti jọ ń bo kúbùsù kan náà.

Ike àkọ́kọ́ lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé tó padà dé: itọ́ lásán, ẹ tún un gbà. Ike kejì lọ, itọ́ lásán. Ìkẹta náà, itọ́ lásán.

"Ntate, ẹ ò wúkọ́ dénú," ni 'Makatiso sọ fún un. "Ẹ̀bá ẹnu lẹ ti ń tu itọ́ sí i. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá fà á láti ìsàlẹ̀ àyà."

"Ọmọ mi, tí mo bá tún fà á ju báyìí lọ, ẹ̀dọ̀fóró mi ló máa bọ́ sínú ike yẹn. Wọ́n á tún ní itọ́ ni."

"Ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, Ntate."

"Mi ò lè gbé oúnjẹ mì, mi ò lè gun ẹṣin. Ẹ̀fẹ̀ nìkan ló kù. Ìwọ náà tún fẹ́ gbà á."

Nígbà kẹrin, 'Makatiso dúró tì í. Bàbá náà wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí 'Makatiso wo inú ike náà, ohun tó rí ki bí àtè, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan sì là á láàárín. Ó dé e, ó gbé e gun òkè. Ìwé padà dé: itọ́ lásán.

M'e Nthatisi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré náà; M'e ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ nígbà tí 'Makatiso gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

"M'e, mo fojú ara mi rí i. Kì í ṣe itọ́."

"Ojú ẹ ti wá di ẹ̀rọ?"

"Kò di ẹ̀rọ, M'e. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú báyẹn."

"'Makatiso, iṣẹ́ ẹ ni pé kó o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wúkọ́. Gbogbo abúlé yòókù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀ ọ́n. Àbí ẹ fẹ́ ká wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ ikọ́ síbẹ̀ fún yín ni?"

Àwọn obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, M'e, ẹ ṣáà fún un lóògùn. Kò ní pẹ́ kú báyìí. Ọmọ kékeré ló sì ń bá a sùn."

"Kò sí èsì, kò sí oògùn. Ohun tó wà nínú ìlànà nìyẹn."

Ẹ̀yin nìkan. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni 'Makatiso gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Báwo ni odindi abúlé kan kò ṣe ní mọ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́? Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé tó ń kọ orúkọ sí, ó sì ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín ọdún méjì tó kọjá, èèyàn mọ́kànlá ló ti fi ike ránṣẹ́. Ike mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Itọ́ lásán ni gbogbo wọn. Ṣáájú ọdún méjì náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọmọdé sì ni onítọ̀hún. Ó dà bí ẹni pé gbogbo Ha Ramokoatsi sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n jí, tí ikọ́ wíwú sì ti fò lọ lórí wọn.

Mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá náà ti wà nínú ilẹ̀. Puseletso ló kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ike mẹ́fà ni ọmọ yẹn fi ránṣẹ́. 'Makatiso rántí pé òun lòun sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò wúkọ́ dénú, àti pé ìyá náà dúró ti ibùsùn ọmọ rẹ̀, ó ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, 'Makatiso mú ike méjì lọ sílé Ntate Phafoli.

"Ó ti di méjì? Wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀bùn ni?"

"Ẹ wúkọ́ sí èyí, kẹ́ ẹ sì wúkọ́ sí èyí. Mo fẹ́ wo nǹkan kan."

Ó gbé ike kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi kúbùsù rẹ̀ wé èkejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù àgbègbè, ó sì fi lé ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ntate Lebeko lorúkọ ọkùnrin náà. Ó sọ fún un pé kó padà wá láàárọ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ìwé ti wà nílẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ó sì pọ̀. Nígbà tó gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré, M'e Nthatisi kà á, ó sì ka oògùn Ntate Phafoli fún un.

Ẹlòmíì ì bá dúró síbẹ̀. Bàbá ti rí oògùn gbà, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ike tó gbé sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré ṣì wà lọ́nà, 'Makatiso sì ń dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé tiẹ̀ náà dé: itọ́ lásán.

Ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú Ntate Lebeko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ntate, ọkùnrin kan náà ni. Òwúrọ̀ kan náà ni. Èwo nínú ìwé méjèèjì ló ń purọ́?"

Ọkùnrin náà ṣí ìwé ńlá rẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èyí dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ kẹfà. Ohun tó bá ti ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, mi ò gbọdọ̀ fi sínú ẹ̀rọ. Mo dà á nù."

"Ẹ ò ṣí i wò?"

"Kí n ṣí i ṣe kí ni?"

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé itọ́ ni?"

Ntate Lebeko yí fọ́ọ̀mù náà sí i. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kéèyàn máàkì ọ̀kan: itọ́ lásán, kò tó, ike jò. "Ẹ wò ó, M'e. Kò sí èyí tó ní 'ó ti pẹ́ jù' níbẹ̀. Ike yín ò jò. Ohun tó wà nínú ẹ̀ tó. Kí ló wá kù?"

"Òótọ́ ló kù, Ntate."

Ntate Lebeko nàka sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Tí mi ò bá máàkì ìkankan, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ n bi yín. Kí ló dé tó jẹ́ Ọjọ́rú lẹ ń gbé e wá? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni alùpùpù ń wá kó o."

"Wọ́n ní Ọjọ́rú ni ọjọ́ tiwa."

"Ìgbà tó ń wá ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti yí i padà."

Wọ́n yí ọjọ́ alùpùpù padà, kò sẹ́ni tó yí ọjọ́ abúlé padà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ikọ́ àwọn ará Ha Ramokoatsi wà lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́fà, títí á fi bàjẹ́. Ọwọ́ kan á dà á nù, á sì fi gègé kọ ọ́ pé aláìsàn ló jẹ̀bi. Gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó ń padà lọ, 'Makatiso ka iye wọn, ó sì fi ara rẹ̀ kún un. Òun ló ń ru irọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ó sọ̀ sí ilé ìwòsàn kékeré. "M'e, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Ajé ni màá máa gbé ike wá."

"Ọjọ́ Ajé wà fún abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé."

"Ẹ máa gún wọn lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú fíríìjì ni mo fẹ́, mi ò ní kí ẹ fún mi lága."

M'e Nthatisi wò ó, ó wo ìwé méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fa kàlẹ́ńdà mọ́ra.

Ntate Phafoli jókòó sínú oòrùn níwájú ilé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi òkúta ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀. 'Makatiso rò fún un látòkè délẹ̀.

"Ìyẹn ni pé mo wúkọ́ dáadáa?"

"Ẹ wúkọ́ dáadáa, Ntate. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Ọdún méjìlélógún ní Welkom. Ohun gidi kan ṣoṣo tí mo mú bọ̀ níbẹ̀ ni ikọ́ yìí, ẹ tún fẹ́ ní kò dára." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà lọ sílẹ̀. "'Mapuseletso ńkọ́? O ti sọ fún òun?"

'Makatiso mú ìwé tó ń kọ orúkọ sí. Ó dìde.

Ìyá Puseletso ń yín àgbàdo sínú abọ́ nígbà tó dé ọ̀hún. "Kí ló gbé ọ wá?" ló bi í. "Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé yìí mọ́."

'Makatiso jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "M'e, Puseletso wúkọ́ dáadáa. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wú dénú."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí àgbàdo.

"Ta ló wá sọ pé kò wúkọ́?"

"Èmi ni," ni 'Makatiso wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sórí orúnkún. "Ẹ jẹ́ kí n ka orúkọ àwọn yòókù tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún sí yín létí."