Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Pọ̀n Mí Sá Kúrò Nílé

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ tí ìyá mi pọ̀n mí sá kúrò nílé bàbá mi ní Ọ̀rányàn. Mo ti ń lọ sílé ìwé nígbà náà, mo ti kọjá ẹni à ń pọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi lu ìyá mi títí ojú rẹ̀ kan fi dí. Bí bàbá mi ti lọ wẹ̀, ìyá mi fi ọ̀já dè mí mọ́ ẹ̀yìn, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ Màpó lọ sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Tẹ́lẹ̀, tó bá sá wá, ńṣe ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà nítorí ọmọ. Lọ́jọ́ yìí, nígbà tí ìyá àgbà rí ojú ọmọ rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi dé. Ìyá àgbà tú gèlè orí rẹ̀.

“Tí o bá kọjá lára mi, màá ṣí orí kúnlẹ̀ fún ọ!”

Gbogbo agboolé figbe ta. Ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá kúnlẹ̀ fún bẹ́ẹ̀, ó gbépè nìyẹn. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má kúnlẹ̀, ìyá! Ẹ ṣáà fún mi lọ́mọ mi.”

“Bàbá ló lọ́mọ,” ni bàbá àgbà wí.

Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀já náà, ó sì fà mí lé bàbá mi lọ́wọ́. Ìyá mi ń ké, èmi náà ń ké.

Títí dòní ni àwọn ará ilé ń dúpẹ́ pé ìyá mi bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Kò sí ẹni tó bèèrè nínú wọn pé ta ni bàbá mi wá ń lù.