Fìlà Kì í Dá Rìn

Owó ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí tún ti lé sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bá wọn jà ní gáréèjì bí mo ṣe máa ń bá wọn jà, mo sì san án bí mo ṣe máa ń san án. Wọ́n ní bẹntiróòlù ló wọ́n. Mo ní ṣé bẹntiróòlù náà ló ní kí ẹ kó èèyàn mẹ́rin sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta? Ẹni tó ń gbowó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ sún díẹ̀, ẹ ò ṣáà sanra." Irọ́ burúkú. Mo sanra dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pọ́n mi lé báyẹn, mi ò lè bá a fà á. Mo bá sún.

Ibi tí mo ti ń sún ni ìyá àgbàlagbà kan ti wọlé. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ní òun ń lọ ra gúgúrú fún ọmọ-ọmọ òun. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi ká ìborùn náà, tó jù ú sẹ́yìn, tó sì jókòó. Mo wo ojú àwọn èrò. Kò sẹ́ni tó bínú. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èmi nìkan ni mo bú sẹ́kún níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, wọ́n rò pé nítorí owó ọkọ̀ ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, ẹni tó bá fẹ́ gba àyè nínú ọkọ̀ kì í dúró ti ọkọ̀ kí oòrùn máa pa á. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, á bọ́ fìlà rẹ̀ sórí ibi tó wù ú láti jókòó. Tó bá jẹ́ obìnrin, á tú ìborùn tàbí gèlè lé e. Ó di kó bá tirẹ̀ lọ. Á lọ jẹun, á lọ kí àna rẹ̀, á lọ ra ohun tó gbàgbé. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ọkọ̀ ò ní gbéra láìsí i. Kì í ṣe àpò ni wọ́n fi ń gba àyè o. Àpò lè jẹ́ èlùbọ́ tí wọ́n fi rán dẹ́rẹ́bà sí ọmọ ẹni ní Ìbàdàn, kó jẹ́ pé ẹrù nìkan ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi fìlà orí rẹ̀ ránṣẹ́? Bàbá mi a máa sọ ọ́ lásọtúnsọ: "Ẹrù lè dá rìn, fìlà kì í dá rìn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí fìlà, orí ń bọ̀ níbẹ̀."

Mo rántí ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbé fìlà ẹni ẹlẹ́ni kúrò lórí àga iwájú nínú Píjò, tó sì jókòó síbẹ̀. Ha! Gáréèjì dàrú. Dẹ́rẹ́bà pa ọkọ̀. Àwọn ìyá oníṣu ń pòṣé láti ẹ̀yìn odi. Nígbà tí ojú tì í tán, alákóòtù dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn fìlà náà, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Ẹni tó ni ín dé lẹ́yìn náà, pákò lẹ́nu, kò mọ̀ pé wọ́n ti jà tán nítorí òun. Ó kí gbogbo wa, ó dé fìlà rẹ̀, a lọ.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ ìgbà yẹn dùn ún wọ̀ o. Mi ò ní purọ́. Ìsàlẹ̀ Píjò yẹn ti jẹrà, ẹ lè máa wo ọ̀dà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín títí dé Òtù. Irin àga a máa gún yín nídìí. Adìẹ á ṣu sí yín láṣọ. Síbẹ̀, ọkàn èèyàn balẹ̀, torí ó mọ̀ pé àyè òun wà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló mú mi wá gbé ní Ìṣẹ́yìn. Ìyá Ìṣẹ́yìn ni gbogbo ilé wa ń pè é. Òun ló tọ́ bàbá mi. Ìyá wọn kú nígbà tí Bàbá ò tíì já lẹ́nu ọmú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì dàgbà sí, bẹ́ẹ̀ òun náà ọmọdé ni nígbà náà. Ọjọ́ tó relé ọkọ, Bàbá sunkún débi pé wọ́n ní láti gbé e sínú bọ́lẹ̀kájà kó wá wò ó. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Òun ló hun ẹ̀tù tí wọ́n fi rán fìlà tí Bàbá ń dé jáde láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìṣẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló sì fi òwú funfun rán etí rẹ̀.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà ní ká máa gbé Ìyá Ìṣẹ́yìn lọ sílé. Ohun tí dókítà ní lọ́kàn yé gbogbo wa, ó yé òun náà. Kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè oògùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Àbúrò mi ti dé?" Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá ní Ṣakí, mo ní kí Bàbá máa bọ̀ kíákíá, pé mi ò mọ̀ bóyá á tún bá a lọ́jọ́ kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí pé òun ti sin Bàbá dé gáréèjì, òun ti ń lọ sóko. Bàbá ò mú fóònù dání. Ó ní àwọn olè gáréèjì á jí i.

Mo fi aládùúgbò kan ti ìyá, mo lọ dúró ní gáréèjì. Bọ́ọ̀sì Ṣakí dé lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Mo wo àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ò sí níbẹ̀. Mo wo iwájú, níbi tí wọ́n ti fún èèyàn méjì pọ̀ sórí àga ẹnì kan. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá funfun kan, mo rí fìlà ẹ̀tù, òwú funfun létí rẹ̀. Mo ní Bàbá ti kú sójú ọ̀nà.

Mo di dẹ́rẹ́bà mú lọ́rùn aṣọ. "Orí tó ni fìlà yìí dà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orí àga iwájú ni mo bá a ní Ṣakí. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbé láti ibí láàárọ̀ ló gbàgbé ẹ̀. Mo ní kí n bá a gbé e padà wá."

"Wọ́n fi gba àyè ni! Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n fi gba àyè ni?"

"Fìlà kẹ̀?"

Ó ń wò mí bí ẹni ń wo asínwín. Mo tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó, kí ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí? Ó tọ́jú ohun olóhun, ó tilẹ̀ fi ọ̀rá wé e kí eruku má bàa bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí ni. Àwa tó yẹ ká sọ fún un, àwa náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì ń tì mí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lóko. Mo ń rìn lọ sílé, mò ń rò ó pé báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún aláìsàn pé fìlà dé, orí ò dé. Mo fi fìlà náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn mi.

"Àbúrò mi ti dé?"

Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo bá fi fìlà lé e lọ́wọ́, mo sì ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ìka wá etí fìlà kiri títí ó fi kan òwú. Mo ń retí ẹkún. Ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti gba àyè," ó ní. "Gbé àga yẹn sún mọ́ mi. Gbé e lé e lórí. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ o."

Alájì àdúgbò wa wọlé wá ṣàdúà fún un. Ó sanra, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ fi ìdí lé àga náà. Ìyá Ìṣẹ́yìn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, ẹni tó ni ibẹ̀ lọ ra nǹkan ni." Alájì wò mí, mo wo ilẹ̀. Orí ìdúró ló wà títí ó fi ṣe àmín.

Nígbà tó yá, èémí Ìyá Ìṣẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Bó bá mí lẹ́ẹ̀kan, mo máa dúró, mo máa dúró, kó tó tún mí. Ẹ̀rù bà mí, mo pè é. Ó ní, "Má pariwo. Ọkọ̀ ò ní gbéra láìsí i."

Ìrun Àsárì ti kọjá kí ọkọ̀ akóṣu kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá sọ̀kalẹ̀, wàrà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, orí òfìfo. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí orí Bàbá lóde gbangba rí. Ó funfun, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé láti kúnlẹ̀. Ó ní òun kàn lọ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní fún ẹ̀gbọ́n òun ni, ìgbà tí òun padà, ọkọ̀ ti lọ. Bọ́ọ̀sì tó kàn, èèyàn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní àfi tó bá kún. Òun bá lọ bẹ akóṣu tó ń bọ̀ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. "Wọ́n gbé fìlà mi lọ," ló ń wí ṣáá. "Wọ́n rí fìlà mi, wọ́n sì lọ."

Ìyá Ìṣẹ́yìn gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. "Gbé fìlà ẹ, kó o jókòó. Mo ti bá ọ mú àyè náà."

Ó gbé fìlà, ó jókòó, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ìyá ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Eélòó lo san wá?"

Ó sọ iye fún un.

"Ṣé o ra mọ́tò náà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iye tí wọ́n ń gbà níta nìyẹn o."

"Kí wọ́n dín in fún ọ. Ìwọ àti iṣu lẹ jọ rìn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gé wàrà, ó fi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ṣe fún un lóúnjẹ nígbà kan rí. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá múra àtipadà sí Ṣakí. Mo gbé àpò rẹ̀ jáde, mo rí i pé kò tún dé fìlà. Mo sá wọ yàrá. Fìlà ẹ̀tù wà lórí àga lẹ́bàá ibùsùn tó ti ṣófo.

"Bàbá, fìlà yín o!"

"Fi í sílẹ̀. Mo fi ń gba àyè lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo fẹ́ bá a jà. Èmi tí mò ń bá gbogbo ayé jà, mo fi fìlà náà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ra òmíràn fún un ní gáréèjì, ó dé e lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga yẹn nínú ilé mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń gbá yí i ká ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ṣakí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ó ní kí n máa bọ̀, pé wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ sunkún. Mo wọ yàrá, mo gbé fìlà kúrò lórí àga, mo gbọn eruku rẹ̀. Ẹni tó ni àyè ti dé. Mo fi fìlà náà sínú báàgì mi, mo lọ sí gáréèjì, mo sì bá wọn jà lórí owó ọkọ̀.