Ọdún tí Bàbá Àgbà Gbé Ìyá Àgbà Níyàwó

Òórùn iṣu sísun ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá àgbà sọ pé òun fẹ́ gbéyàwó. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Akparé, ìlú wa, ilẹ̀ àgbàlá tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo àwa ọmọdé sì rọ̀gbà yí iná Ìyá àgbà ká bí òròmọdìyẹ. Bàbá àgbà ń ha èèpo tó jóná kúrò lára iṣu. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Kí ọdún yìí tó parí, mo fẹ́ gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo wo ojú Ìyá àgbà, mò ń retí kí ó fara ya. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó sì ti abọ́ epo sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé òun gan-an ni ìyàwó tí à ń wí.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń gbé pọ̀. Àwọn ẹbí ti gba iṣu, iyọ̀ àti ọtí lórí ọ̀rọ̀ wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dúró níwájú fádà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè Atakpamé yóò rántí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀: arúgbó méjì nínú aṣọ funfun, tí àwọn ọmọ-ọmọ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Tọ́ntọ́n Emílì, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lomé, ló gba ètò náà mọ́wọ́. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì kọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ sínú rẹ̀: àga tí a fi aṣọ bò, àtíbàbà, àkàrà òyìnbó gátò alájà mẹ́ta, ẹni tí yóò ya fídíò. Ó ní èmi ni yóò gbé òdòdó ṣáájú ìyàwó. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Atakpamé, wọ́n rán aṣọ funfun fún mi, ríbọ́ọ̀nù gbọọrọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò ronú nǹkan mìíràn mọ́. Bí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń fi ìrìn jẹ́jẹ́ rìn láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé ìdí òpó àsíá, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè rí bí n ó ṣe rìn.

Nígbà tí Tọ́ntọ́n kọ tirẹ̀ tán, ó bi Ìyá àgbà pé kí ni ó fẹ́. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó bó ọ̀kan tán kí ó tó dáhùn.

"Mo fẹ́ kí àbúrò mi jókòó síbi tí mo ti lè rí i."

N kò mọ̀ rí pé Ìyá àgbà ní àbúrò.

Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí à ń pa ẹ̀pà. Àbúrò náà ń gbé ní Moretan, ó sì ń sin òrìṣà tí àwọn òbí wọn sìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Ọdún tí Ìyá àgbà ṣe ìrìbọmi ni ọmọ náà kú. Nítorí pé ètò òrìṣà ni wọ́n fẹ́ fi sin ín, Ìyá àgbà kò lọ. Aṣọ ló fi rán ẹnì kan sí i. Àbúrò rẹ̀ dá aṣọ náà padà, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ó tún un sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wá fi kún un pé ìyẹn kì í ṣe ìjà, pé ìjà ì bá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tọ́ntọ́n ní kí wọ́n fi káàdì ìpè ránṣẹ́, pé káàdì náà dára, wọ́n fi wúrà tẹ etí rẹ̀. Ìyá àgbà mi orí. "Aṣọ ni mo fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, Emílì. Mi ò ní fi bébà ránṣẹ́ báyìí."

Lọ́jọ́ ọjà Moretan, ó mú mi dání, nítorí pé kì í ríran dáadáa nínú oòrùn. A wọ ọkọ̀ tí àpò àgbàdo kún inú rẹ̀, eruku pupa sì bò wá títí dé irun ìpéǹpéjú. Jálẹ̀ ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi.

A bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi atẹ́ fẹ́ ẹ̀wà níwájú ilé. Ojú kan náà ni òun àti Ìyá àgbà ní. Ó rí wa, kò dá ọwọ́ dúró. Ìyá àgbà tú ìborùn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú ìyàngbò ẹ̀wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò."

"Kì í ṣe àbúrò ni mo kúnlẹ̀ fún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni. Kò sí ẹni tó ní kí n má wá nígbà náà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Atẹ́ náà dúró. Nígbà tó yá, obìnrin náà bi mí lórúkọ, ó bu omi fún wa, ó sì gbọn ìyàngbò kúrò lára aṣọ Ìyá àgbà. Ìyá àgbà sọ fún un nípa ìgbéyàwó náà. Ó ní òun gbọ́. Kò ṣèlérí kankan.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, fádà dé lásìkò, ó sì ní Mísà mìíràn láti lọ ṣe ní abúlé kejì. Ìyá àgbà jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ wọlé. Tọ́ntọ́n ń wo aago. Nígbà tí sùúrù fádà ti fẹ́ tán, alùpùpù kan já obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, nínú aṣọ aláró. Ó rìn dé ibi àtẹ̀gùn, ó sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ohun tí mò ń sìn, ẹsẹ̀ mi kò lè kọjá ibí. Ẹ má bínú."

"Ibi tí o dé yẹn ti tó," ni Ìyá àgbà fèsì.

Ó bá fádà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Fádà wo obìnrin tó dúró níta, ó wo ìyàwó arúgbó náà, ó sì lọ gbé ìwé rẹ̀ wá láti orí pẹpẹ. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan sí abẹ́ òrùlé níta fún àbúrò Ìyá àgbà, àwọn arúgbó méjèèjì dúró sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìjọ sì yí ẹ̀yìn sí pẹpẹ tí Tọ́ntọ́n fi òdòdó dárà sí. Oòrùn kọjú sí ẹni tó ń ya fídíò, kò rí ju òjìji lọ. Ní tèmi, ọ̀nà tí mo fẹ́ rìn ti kún fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Kò sí ẹni tó wò mí. Mo rún òdòdó mi mọ́ ọwọ́, mo sì sunkún.

Nígbà tí ó kan òrùka, kò kọjá oríkèé ìka Ìyá àgbà, tí iṣẹ́ oko ti sọ di kókó. Bàbá àgbà tì í títí. Ohùn kan bọ́ láti ìta pé, "Ṣé kò wọ̀ ni?" Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi òrùka náà sí ìka tó kéré jù. Nígbà tí a jáde, àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n jẹ iyán nínú abọ́ kan náà, àga aláṣọ funfun tí Tọ́ntọ́n tò sílẹ̀ fún ìyàwó sì ṣófo títí ilẹ̀ fi ṣú. Tọ́ntọ́n kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì lọ bu omi wá fún wọn.

Èmi náà ti fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti kọ oríṣiríṣi nǹkan sórí fóònù: àwọ̀ aṣọ, oúnjẹ, iye àlejò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé ta ni kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀. Mo mọ ìdáhùn náà kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Akúvì ni, ọ̀rẹ́ tí èmi àti òun jọ gbé yàrá kan nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ lísè ní Atakpamé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, n kò mọ ohun tí n ó sọ, mo bá dẹ́kun gbígbé ìpè rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn sunkún nítorí pé ayé kò rí òun. Èmi tí mo dàgbà, ọdún méjì ni mo ti fi sá fún ojú ẹnì kan ṣoṣo. Sátidé tó kọjá, mo lọ bá Akúvì nílé. N kò ní ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu. Mo sọ fún un pé mo sá, pé kò yẹ kí n sá. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó ṣe, mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì bi mí pé ọjọ́ wo ni.

Mo ní a kò tíì mú ọjọ́, pé ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni a ó mú.