Àwọn Ẹdun Etí Odò Wa

Nílé kéú tí mo lọ ní Ìrẹmọ, wọ́n kọ́ mi pé kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó tọrọ ohunkóhun. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kan wà tí a ṣe ní abà bàbá mi tó ń dùn mí títí dòní.

Ìbejì ni mí. Èkejì mi kò pẹ́ láyé. Nílé wa, ẹni tó bá bí ìbejì kì í pa ẹdun, ọ̀bọ orí igi tí a ń pè ní ẹbí ìbejì, kì í sì í jẹ ẹ́. Mùsùlùmí òdodo ni ìyá mi, kì í bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò fi èyí sílẹ̀. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni wọ́n, ó máa ń wí. Etí odò nínú oko kòkó wa ni wọ́n ń sùn. Bí ìyá mi bá kírun àsùbáà tán níta gbangba, á jókòó sórí ẹní, á máa gbọ́ igbe wọn.

"Àwọn èèyàn ẹ ti jí," á sọ fún mi.

Idì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ọmọ wọn nígbà mìíràn, tó sì ń gbé adìẹ wa.

Nígbà tí bàbá mi kú, a pín oko náà, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ìyá mi bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n má fọwọ́ kan etí odò.

"Ṣé kí a yọ ìpín tiwọn sọ́tọ̀ ni?" ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí ìyálé, béèrè. "Màmá, ẹ ní kí olórí ẹbí wọn wá bá wa jókòó."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà fún un. Igbó tó so etí odò mọ́ igbó ńlá ẹ̀yìn òkè ni wọ́n pín, tí kálukú ṣán tirẹ̀, tó gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀nà àwọn ẹdun ni.

Idì ló kọ́kọ́ lọ. Igbó tó kù kò tó o dọdẹ mọ́, àwa ò mọ̀. Adìẹ wa ń pọ̀ sí i, a pe àáfà, a dín mọ́sà, a ṣe àdúà ọpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ tán fún àwọn ẹdun. Orí igi ni wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n kò sígi mọ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ gba inú ẹ̀gẹ́, ajá àwọn ọdẹ sì ń pa wọ́n. Bí ìyá mi bá rí irun wọn nílẹ̀, á fi ọkọ́ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀ ẹ́. "Màmá, a ò kúkú fọwọ́ kan ibi tí ẹ ní ká má fọwọ́ kàn."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Èmi gan-an ni mi ò mọ ohun tí ǹ bá bẹ̀ yín fún."

Ó ku ẹyọ kan. Á ké láàárọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn, á tún ké. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a kírun tán, a jókòó, a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Bóyá etí mi ló ti di," ìyá mi wí. "Ìwọ ńkọ́, o gbọ́ ọ?"

Orí ẹní ìkírun ni mo wà. Mi ò lè parọ́.

"Mi ò gbọ́, Màmá."

Ó ní alihamudulilahi, ó ká ẹní rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ló ti ń kírun àsùbáà, pẹ̀lú fèrèsé ní títì.