Kásẹ́ẹ̀tì Tó Kún Kí Ilẹ̀kùn Tó Ṣí

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Màmá Ẹ-Má-Gé-E fi jókòó sídìí tẹlifóònù ilé ìwòsàn, tó ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. "Ẹ má gé e" ló máa ń sọ fún tolówó tòṣì, títí yóò fi bá wọn wá dókítà rí. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì bá ìwà rẹ̀ mu. Ohun tí ìyá yìí bá ti dì mú, wọn ò tíì bí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, eré amí àti eré apanilẹ́rìn-ín ayé àtijọ́ ló ń tún wò. Bó bá ti jẹun àárọ̀ tán, yóò fẹnu fẹ́ eruku orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, yóò sì tì í bọ inú ẹ̀rọ. Eré ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde, Màmá ti mọ̀ ọ́n sórí. Kí ọkùnrin náà tó dá onílé lóhùn ni òun á ti bá a dáhùn. Ní ti àwọn amí, ìjà ni. "Irọ́ gbuu! Ta ló so yín pọ̀? Ẹ ò tíì tẹ nọ́ńbà tán, ẹnì kejì ti ń sọ̀rọ̀!"

Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, awakọ̀ ojú irin ni. Àsìkò iṣẹ́ wọn kì í bára mu, nítorí náà ẹni tó bá wà nílé ló ń gba eré sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó kò gbọdọ̀ sọ ìparí. Ìgbà tí eré amí kan wá dé apá tó kẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń ta àṣírí ọ́fíìsì fún ọ̀tá, Màmá wà níbi iṣẹ́, ọkọ ló gbà á sílẹ̀ fún un. Nínú ohun tó gbà, amí gun àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kásẹ́ẹ̀tì bá kún.

"Èmi wò ó tán ní tèmi," ni ọkọ wí. "Òfin sì lòfin."

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò fi eré náà hàn mọ́. Màmá búra pé òun á fúnra òun mọ ọ̀dàlẹ̀ yẹn. Lọ́dọọdún ló ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń dárúkọ ẹni tó fura sí. Ọkọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà wọlẹ̀ lọ.

Ọmọ wọn, olùkọ́ ìṣirò, wá kun pálọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́dà, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun dání.

"Màmá, gbogbo eré yín ló wà nínú èyí, títí dé ìparí. Mo ti wò ó lánàá. Ẹni tó dalẹ̀ yẹn—"

Màmá gbá ọmọrí ìkòkò mọ́ tábìlì, ó dún gbàmù.

"Ẹni tó ní òun máa fẹsẹ̀ òun rìn dé ibì kan, o fẹ́ pọ̀n ọ́n? Ṣé mo ní kí o bá mi wá a ni?"

Ọmọ ò gbọ́ràn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá ti ilé ìtọ́jú ojú dé, ó bá páálí ńlá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀. Inú bí i gidigidi. Kò pariwo. Ó jókòó lórí páálí náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ dé, akólẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde ká gbé pàǹtí."

"Ẹ kúkú gbé èmi náà mọ́ ọn. A jọ gbó ni."

Ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó sáré jáde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn aládùúgbò ń wò wá!"

"Kí wọ́n wò ó dáadáa. Ọmọ tí mo bí ló ń da ilé mi nù."

Awakọ̀ fun fèrè, Màmá ò mira.

"Màmá, Bàbá gan-an ò wò ó tán!" ni ọmọ figbe ta. Ó wá kúnlẹ̀. "Orí àga ni wọ́n sùn lọ sí. Ìgbà tí wọ́n fi máa jí, ìròyìn ti ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n ní kí n má sọ."

Màmá wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, omi ojú sì bá a jáde.

"Ọgbọ̀n ọdún! Mo ń wá ọ̀dàlẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dàlẹ̀ ń jẹun nínú abọ́ mi!"

Ó nu ojú, ó dìde. "Gbé e padà sípò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó o ṣe bá a."

"Ká kúkú wo ìparí ẹ̀ lórí tuntun?"

"Àgbẹdọ̀!"

Ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga nínú òórùn ọ̀dà. Amí gun àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ojú tẹlifíṣọ̀n sì funfun.

"Obìnrin tó ń gbé tíì yẹn ni," ni Màmá wí.

Ọmọ tó ti mọ ìparí la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Ó dá mi lójú. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún mi."