Ọjọ́ tí a gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta wá síwájú gbọ̀ngàn Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bí a ṣe jà nígbà tiwa, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, kí òmìnira tó dé. Àwọn ọmọ ń ya wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí tíṣà tó tó láti kọ́ wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Iyere ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tíṣà. Mo ti darúgbó báyìí, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ti dárí ji gbogbo ènìyàn, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló wà lágbègbè wa: ọ̀kan ní Ipele, ọ̀kan ní Iyere, ọ̀kan ní Ìdóànì. Kéékèèké ni gbogbo wọn. Ìjọba ní àwọn ò lè máa fún wa ní owó ìrànwọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí a bá fẹ́ ẹ, kí a darapọ̀. A sì darapọ̀. A kó ohun èlò sáyẹ́ǹsì sínú àpótí, a kó ìwé kíkà sínú àpótí, a kó irinṣẹ́ káfíńtà náà sínú àpótí, lọ́rì sì ń gbé wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Bí sáyẹ́ǹsì bá wà ní Ìdóànì, ìwé á wà ní Iyere, iṣẹ́ káfíńtà á wà ní Ipele. Tó bá tó àkókò, wọ́n á pààrọ̀. Àpótí àti tíṣà ló ń rìn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í rìn, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò ní gbà kí ọmọbìnrin wọn rìn jìnnà sílé.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Rábíátù. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwọn ìmàle ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ tó mú ọmọ náà wá, ó sọ ọ́ fún mi ní gbangba.

“Tíṣà, Iyere ò jìnnà. Bí ara ọmọ mi ò bá yá, mo lè fẹsẹ̀ rìn wá wò ó. Bí ẹ bá gbé e kọjá ibí, ó ń padà bọ̀ wálé nìyẹn.”

Mo gbà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé Rábíátù mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ju àwa kan tó ń gba owó oṣù lọ.

Nígbà tó tó àkókò láti tún fọwọ́ sí owó ìrànwọ́, wọ́n rán ìgbìmọ̀ kan wá láti Ìbàdàn láti yẹ̀ wá wò. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi gègé tọ́ka sí ènìyàn. Òyìnbó kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ipele. Irinṣẹ́ káfíńtà ló wà níbẹ̀, Alága sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí sáyẹ́ǹsì, kò sí ìwé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

“Sáyẹ́ǹsì ńkọ́?”

“Ó wà ní Ìdóànì, sà. Àsìkò tiwọn ni.”

“Káfíńtà?”

“Ipele ni, sà. Ẹ rí i níbẹ̀ lánàá.”

“Iyere ni mo wà lónìí,” ó ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi: kò sí, kò sí.

Ara mi gbóná. Mo ní, “Sà, ìjọba ló ní ká darapọ̀.”

“Ẹ ò darapọ̀. Ẹ kàn ń yá ara yín ní nǹkan ni.”

Rábíátù dìde ní ìjókòó rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá jọ ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ṣé ẹni tí ẹ̀rọ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí kì í ṣe télọ̀ mọ́ ni?”

Alága ò wò ó. Èmi ló wò. “Báyìí lẹ ṣe ń kọ́ wọn láti máa bá àgbà sọ̀rọ̀?”

Wọ́n lọ sí Ìdóànì náà, ìròyìn sì ti tàn kálẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lágbègbè: kò sí ọ̀kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yege. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe ìpàdé. Ọ̀gá ti Ìdóànì ní kí a gbé iṣu àti àgbò, kí a lọ bẹ Alága. Mo bi í pé kí la ṣe tí a fi máa bẹ̀bẹ̀. Àwa tíṣà ta kú pé a ò lọ. Ìgbìmọ̀ náà máa jókòó ní gbọ̀ngàn Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó padà. A pinnu pé bí wọn ò bá lè rí wa pọ̀ ní ìlú mẹ́ta, a ó gbé ara wa pọ̀ síwájú wọn.

Àsìkò ọdún Igogo ló bọ́ sí. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé nígbà Igogo, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í sì í lu ìlù. Nígbà tí lọ́rì wa dé ẹnu ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ṣí fìlà, àwọn obìnrin tú gèlè. A wọlé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. A to bẹ́ǹṣì síwájú gbọ̀ngàn, a tú gbogbo àpótí, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: sáyẹ́ǹsì lápá kan, káfíńtà lápá kan, ìwé kíkà lábẹ́ igi. Rábíátù kó àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé. Àwọn ará ìlú jáde wá wò wá, gbogbo wọn ló ṣí orí sílẹ̀.

Alága jáde tòun ti fìlà lórí. Ó rí èrò rẹpẹtẹ tí wọn ò dé fìlà, tí wọn ò kọrin, tí wọn ò pariwo, ó sì rò pé a fẹ́ bá òun jà ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Kọ́púrà ọlọ́pàá tó wá, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó fi fìlà iṣẹ́ rẹ̀ há abíyá.

“Tú wọn ká!” Alága pàṣẹ. “Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ṣí orí sílẹ̀? Ìjà ni wọ́n wá jà!”

Kọ́púrà wò ó dáadáa. “Sà, Igogo là ń ṣe. Wọn ò rú òfin kankan. Ẹ̀yin nìkan lẹ dé fìlà níbí.”

Ìyá arúgbó kan láàrin èrò kígbe pé kó ṣí i. Àwọn ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alága ṣí fìlà, ó sì ká a mọ́wọ́. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Inú mi ṣì ń dùn sí i dòní. Òyìnbó yẹn ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì sáyẹ́ǹsì ní tirẹ̀, lẹ́yìn náà ló lọ dúró pẹ́ títí lẹ́yìn Rábíátù, ó ń wo bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà.

Wọ́n tún fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ wa. A yọ̀, a gbé ara wa sókè. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ la wá gbọ́ àdéhùn tó wà níbẹ̀: kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ di ọ̀kan ní ìlú kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà ṣe kúrò lọ́dọ̀ Alága, tó bọ́ sáàrin wa. Ipele ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ilẹ̀ pọ̀ sí. Iyere ní àwọn ló súnmọ́ Ọ̀wọ̀. Àwọn tíṣà tó ti ń jókòó pọ̀ nínú lọ́rì kan kò kí ara wọn mọ́. Ìdóànì ló gbà á, a sì wá mọ̀ pé ọ̀gá ibẹ̀ ti lọ bá Alága, ó ti fi ilé tuntun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò máa lò lọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ nípa àdéhùn.

Mo sọ ọ́ sí i lójú nínú ìpàdé. “Ọ̀gá, ẹ tà wá.”

“Mo gba ohun tó ṣeé gbà,” ó dá mi lóhùn. “Ẹ̀yin tí ẹ mọ ariwo pa, kí lẹ gbà?”

Mi ò kí ọkùnrin náà mọ́ títí ó fi kú.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Tíṣà gidi ti Ìdóànì jáde, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lágbègbè yìí. Ìgbìmọ̀ tó wá lẹ́yìn náà kò tún ya àwọn tó darapọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó yẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹn ni a jèrè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ni a pàdánù, àti ẹgbẹ́ tí kò tún dúró dáadáa mọ́. Kíláàsì Iyere di ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí. Àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sí Ìdóànì sì padà sílé, kò sí ìjọba tó bi wọ́n léèrè títí dòní. Gbèsè ni. Ẹnìkan ni yóò san án.

Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìdóànì tó wọlé, mo lọ bẹ bàbá Rábíátù ní ṣọ́ọ̀bù pé kó jẹ́ kí ọmọ náà lọ síbẹ̀. Kò bínú. Ó ń gé aṣọ lọ.

“Tíṣà, mo ti sọ fún yín kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́.”

Mo yíjú sí ọmọ náà, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ṣòkòtò oníṣòkòtò. Mo ní, “Má banú jẹ́, Rábíátù. A borí wọn.”

Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

“Àwọn wo ló borí, tíṣà?”

Ó ti aṣọ padà sábẹ́ abẹ́rẹ́.